Ọjọ́ Àṣà Ti Di Ọjọ́ Aṣọ

Èrò ọkàn mi rèé lórí ọjọ́ àṣà tí àwọn ilé ìwé wa máa ń ṣe, ìbáà jẹ́ ní ìparí sáà tàbí ní 27 oṣù Karùn-ún. Ó ń dùn mí pé aṣọ ló ti gbà á tán. Lẹ́tà á délé ní ọ̀sẹ̀ kan péré ṣáájú pé kí ọmọ wọṣọ Ígbò. Òbí á sáré lọ yá isiagu, ẹ̀wù àwọn Ígbò, àti fìlà pupa, wọn á ki ìyẹ́ idì bọ̀ ọ́, ọmọ á rìn kọjá, a pàtẹ́wọ́, ó tán. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé àwọn olóyè ló ni fìlà pupa àti ìyẹ́ idì nílẹ̀ Ígbò. Bí wọ́n bá gbé adé onílẹ̀kẹ̀ tó ní ìbòjú lé ọmọ ọdún méje lórí níwájú wa, ṣé a máa pàtẹ́wọ́?

Ẹ tún wo ti obì. Kíláàsì tó bá fẹ́ ṣàfihàn bí àwọn Ígbò ṣe ń pa obì, gbànja ni wọ́n máa lọ rà, torí òun ló wà lórí àtẹ. Aláwẹ́ méjì sì ni gbànja. Obì abàtà làwọn Ígbò ń pè ní ọjị Igbo, èyí tó ń láwẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì máa ń ka awẹ́ rẹ̀: mẹ́rin dúró fún ọjọ́ ọjà wọn, Eke, Orie, Afọ àti Nkwọ. Kí ni wọ́n fẹ́ kà lára gbànja? Àgbà ló ń gbàdúrà sí i, èdè Ígbò ló sì gbọ́dọ̀ fi gbà á, wọ́n ní obì kì í gbọ́ òyìnbó. Obì aláwẹ́ mẹ́rin yìí kan náà làwa náà fi ń da obì. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ Ígbò àti ọmọ Yorùbá á jọ jókòó tì nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀yà kan ṣoṣo, kó sì kù tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ìkíni, kí ọmọ mọ "Ina kwana", ìkíni àárọ̀ àwọn Haúsá, kó mọ̀ pé "Lafiya lau" ni ìdáhùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ kan àti orin kan, kí òbí tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà náà wá kọ́ wọn. Tó bá jẹ́ masa, àkàrà ìrẹsì àwọn Haúsá, wọ́n á ti rẹ ìrẹsì mọ́jú, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi yíìsì sí i, wọ́n á dúró kó wú kí wọ́n tó dín in nínú tanda, ìyẹn páànù olójú kòtò kòtò. Ẹni tí kò bá dúró kó wú, masa rẹ̀ á ki pọ̀pọ̀.

Oúnjẹ ni kó ṣáájú ètò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò pàtàkì. Mọ́ínmọ́ín tí wọ́n sè ní aago márùn-ún ìdájí, tí wọ́n dé pa nínú kúlà, lè ti kan kó tó di aago kan ọ̀sán.

Èyí tó ń ká mi lára jù: nílùú Èkó, wọ́n á pín ọmọ sí Haúsá, Ígbò, Yorùbá, wọ́n á gbàgbé àwọn Ègùn Àgbádárìgì. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ ṣí ìwé orúkọ kíláàsì rẹ̀, kó wo ẹ̀yà tó jókòó síbẹ̀, kó tó rán ẹnikẹ́ni lọ yá aṣọ.