Èsì wa sí oníbàárà tó ní fìríìjì òun ń da omi

Ẹ kú ilé o, màmá wa l'Ókè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo níbí. A ti ka ohun tí ẹ kọ nígbà tí ẹ fún iṣẹ́ wa ní ìràwọ̀ kan péré: pé fìríìjì onílẹ̀kùn méjì tí ẹ rà lọ́wọ́ wa ní Ọláìyá ń da omi sí ilẹ̀ kíṣìnnì, pé ẹni tó ń tún fìríìjì ṣe ládùúgbò yín ní gáàsì ló ń jò, kí ẹ wá owó gáàsì, àti pé ayédèrú la tà fún yín. Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú wàhálà ilẹ̀ nínù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san owó gáàsì fún ẹnikẹ́ni. Gáàsì fìríìjì kì í dà sílẹ̀ bí omi. Tó bá jò, inú afẹ́fẹ́ ló ń bá lọ. Ohun tí ẹ máa rí ni pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò mú nǹkan tutù mọ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì kọ ọ́ pé ẹja yín ṣì ń dì gbagidi. Ẹja yẹn ti jẹ́rìí fún gáàsì.

Ibi tí omi ti wá rèé. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin máa ń wọlé, àgàgà lásìkò òjò, á wá di omi lára ògiri ẹ̀yìn nínú lọ́hùn-ún, bí ìgò mínírà tútù ṣe ń làágùn lórí tábìlì. Ó yẹ kí omi yẹn ṣàn sínú ihò kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ ògiri náà, lókè ibi tí ẹ ń kó ẹ̀fọ́ sí, kó gba inú rọ́bà lọ sínú abọ́ pẹlẹbẹ tó wà lórí kọ̀m̀pùrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn fìríìjì. Ooru kọ̀m̀pùrẹ́sọ̀ ló ń fà á gbẹ níbẹ̀. Tí ihò bá dí, omi á kún inú, á sì gba ẹnu ilẹ̀kùn jáde. A ti fa ewé ṣọkọ yọ nínú irú ihò bẹ́ẹ̀ rí, ó ti dúdú, ó ń yọ̀, omi tó sì wà lẹ́yìn rẹ̀ ń rùn.

Ẹ yọ fìríìjì kúrò lára iná, kí ẹ gbé àpótí ẹ̀fọ́ jáde. Ẹ fa omi lílọ́wọ́ọ́, kì í ṣe omi híhó o, sínú sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́, ẹ fi ẹnu rẹ̀ sí ihò náà, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá ti ń gbọ́ tí omi ń kán tó-tó sínú abọ́ ẹ̀yìn, ó ti là nìyẹn. Ẹ má fi wáyà líle gún un, kó má baà lu rọ́bà.

Ẹ wo rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn náà, torí tí kò bá mú, afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin á máa wọlé. Ẹ fi owó bébà há a, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, kí ẹ fà á. Tó bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà ò mú mọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ná, epo pupa máa ń bà á jẹ́. Tó bá sì jẹ́ pé àárọ̀ ọjọ́ tí wọn ò bá mú iná wá mọ́jú nìkan lẹ ń rí omi, yìnyín fíríìsà ló yọ́. Iná Òṣogbo, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ ẹ má fi ọ̀bẹ họ yìnyín! Páìpù tó gbé gáàsì wà lẹ́yìn ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn gan-an. Ihò ọ̀bẹ ò sí nínú gàráńtì wa, a ò sì ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀. R600a ni wọ́n sì kọ sára kọ̀m̀pùrẹ́sọ̀ tiyín, gáàsì tó ń gbaná ni, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tan ìṣáná sí nítòsí. Ẹ ṣáà pa á, ẹ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, á yọ́ fúnra rẹ̀.

Ní ti ayédèrú: tòkunbọ̀ lẹ rà, ó wà lórí rìsíìtì. Ẹni tó bá tà á bíi tuntun ló ṣe ayédèrú.

Ọmọ iṣẹ́ wa ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kò ní gba owó iṣẹ́. Tó bá jẹ́ rọ́bà ilẹ̀kùn ló gbó, owó rọ́bà nìkan lẹ máa san. Ìràwọ̀ kan tí ẹ fún wa, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ kíṣìnnì yín á fi gbẹ. Tí ẹ bá sì ti là á fúnra yín kí Sátidé tó pé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pè wá, kó má lọ san owó ọ̀kadà lásán.