Iye agbára ẹṣin kọ́ ló ń yọ ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní píkọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tí wọ́n sì tún fi ń gun òkè olókùúta lópin ọ̀sẹ̀, ló gbà pé bí àwọn bá ti lè fi agbára ẹṣin kún ẹ́ńjìnnì, ìṣòro ibi méjèèjì ti tán. Èrò náà jọ òtítọ́, nítorí iye agbára ẹṣin ni àwọn tó ń ta ọkọ̀ máa ń kọ gàdàgbà, ṣùgbọ́n iye yẹn kì í sọ ìgbà tí agbára náà ń yọjú.

Tọ́ọ̀kì ni ipá tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí ọ̀pá rẹ̀. Bí a bá fi pọ́n-ùn-ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, tí a fi iye ìgbà tí ọ̀pá náà ń yí ní ìṣẹ́jú kan sọ ọ́ di púpọ̀, tí a sì fi 5,252 pín in, agbára ẹṣin la rí yẹn. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ní ó ní agbára ẹṣin 300 lè má rí 300 náà àfi tó bá ń yí ní ìgbà 6,000, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń rọra gun òkúta, tàbí tó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kì í sábà kọjá 2,500. Ní 2,000, tọ́ọ̀kì 250 yóò fún un ní agbára ẹṣin 95. Tọ́ọ̀kì 180 kò ní fún un ju 69 lọ.

Ibí yìí ni camshaft àwọn eléré ìje, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ti máa ń tan ènìyàn jẹ. Ó ń jẹ́ kí fáàfù pẹ́ ní ṣíṣí, èyí tó dára nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń yí jẹ́jẹ́, apá kan afẹ́fẹ́ tó ti wọlé á tún gba ojú ọ̀nà kan náà jáde. Tọ́ọ̀kì ìgbà náà á dínkù, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, epo á sì máa tètè tán. Ariwo rẹ̀ dùn létí, n kò jiyàn.

Sàlẹ́ńsà ńlá kì í fi ohun púpọ̀ kún ọkọ̀ òde òní, asẹ́ afẹ́fẹ́ tí kò ní àpótí á sì máa fa afẹ́fẹ́ gbígbóná inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tọ́bò kékeré, ẹ̀rọ tó ń fi ipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, yàtọ̀, nítorí láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì ń yí jẹ́jẹ́ ló ti ń fi tọ́ọ̀kì kún un, bí rédíétọ̀ bá ti lè gba ooru rẹ̀.

Ohun tí èmi yóò kọ́kọ́ wò kì í ṣe ẹ́ńjìnnì rárá. Ẹni tó bọ́ táyà tó ga ní ínǹṣì 31, tó fi èyí tó jẹ́ 35 rọ́pò, ti fi nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún kún gíga rẹ̀, jíà differential, èyí tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé ara táyà, tó jẹ́ 4.10 (ìyẹn ni pé ọ̀pá tó wọ inú rẹ̀ ń yí ní ìgbà 4.10 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan) á sì máa ṣe bí 3.63. Ọkọ̀ á wá di ọ̀lẹ, ẹni tó ni ín á sì máa dá ẹ́ńjìnnì lẹ́bi. Bó bá pààrọ̀ jíà náà sí 4.56, ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí bó ṣe wà, 4.88 á tún fi kún ipá rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì á máa yí jù lórí títì, á sì máa jẹ epo. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà, jíà iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á máa bá ara wọn jà títí ohun kan á fi ṣẹ́, nítorí náà owó differential méjì ni kó kà, kì í ṣe ti ẹyọ kan.