Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ta Kámẹ́rà Àlòkù, Kí Ló Dé?

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, bátìrì nìkan ni kò sí." Irọ́! Irọ́ ńlá! Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi pátápátá. Mo ra bátìrì tuntun, mo tẹ bọ́tìnì, lẹ́ńsì yọ dé ìdajì, ó há, ó wá kọ "lens error" síwájú mi. Ṣé bátìrì ló da iyanrìn sínú lẹ́ńsì ni? Ta ló jẹ́ kó já bọ́, tó wá nù ún mọ́ fínnífínní kó lè rí i tà fún ọmọ ẹlòmíràn?

Òmíràn á tàn, kò ní ka káàdì tí fọ́tò ń wọ̀ sí. Kámẹ́rà àtijọ́ tó jẹ́ káàdì SD tí kò kọjá 2GB nìkan ló mọ̀ kò lè ka SDHC, ìyẹn káàdì tó ń gbà ju 2GB lọ! Kí ló ṣòro nínú kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.

Ẹ tan kámẹ́rà náà, ẹ fi ya fọ́tò kan, ẹ fi hàn wá kí ẹ tó gbowó. Bí kò bá tàn, ẹ sọ pé ó ti bàjẹ́. Ẹ̀ẹ́ẹ̀!