Ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì rí iwin rí láyé mi

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá onílé mi kanlẹ̀kùn mi láago méjì òru, àwọn àti ọmọ wọn ọkùnrin tó gbé òróró àdúrà dání. Wọ́n ní àwọn ń gbọ́ ohùn èèyàn mẹ́ta nínú yàrá mi, ọ̀kan ń sunkún, ọ̀kan ń halẹ̀, ìkẹta ń bẹ̀bẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n gbọ́ o. Èmi ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo máa ń ka ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn inú ìtàn mi sókè kí n lè mọ̀ bóyá ó jọ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀, òru ni mo sì ń ṣe é torí òru ni wọ́n sábà máa ń múná wá ládùúgbò wa n'Íbarà yìí, bátìrì láptọ́ọ̀pù mi fúnra ẹ̀ ò sì lè gbé ogójì ìṣẹ́jú. Mo ṣàlàyé títí, Mama ní "ó dáa, ọmọ mi," síbẹ̀ wọ́n ta òróró sẹ́nu ọ̀nà mi kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀.

Ohun táwọn èèyàn gbà gbọ́ nìyẹn, pé ẹni tó bá ń kọ ìtàn iwin àti egbére, ó ní láti jẹ́ pé ó ti bá wọn pàdé, tàbí ó ti jẹ nǹkan tó fi ń rí wọn, tàbí wọ́n máa ń gùn ún tó bá ti jókòó sídìí ìwé. Kì í ṣe àwọn àgbà nìkan o. Àwọn tó ń ra ìtàn lọ́wọ́ mi lórí WhatsApp náà, àwọn ọmọ yunifásítì, wọ́n á yọ́ wá bá mi ní kọ̀rọ̀: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ sọ òótọ́, ojú yín tó o àbí?"

Ojú mi ò tó nǹkan kan.

Fágúnwà ni wọ́n máa ń fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní ṣebí àwọn iwin tí bàbá yẹn ń tú àṣírí wọn ló wá mú un wọ omi lọ. Lóòótọ́ omi ló mú D. O. Fágúnwà lọ, nítòsí Bídà, ní December 1963. Àmọ́ kí ló gbé ọmọ Òkè-Igbó dé Bídà? Iṣẹ́ ni jàre. Ilé iṣẹ́ tó ń tẹ̀wé ló ń bá ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, iṣẹ́ náà sì ń gbé e káàkiri. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1938, ṣé iwin tínú ń bí á wá dúró fún ọdún 25 gbáko kó tó rántí pé wọ́n ṣẹ òun? Ẹ tún wò ó, tíṣà ni bàbá yìí l'Ọ́yọ̀ọ́ nígbà tó kọ ìwé ọ̀hún, ìdíje tí ìjọba gbé kalẹ̀ fáwọn òǹkọ̀wé ló fi í lé lọ́wọ́. Ìdíje o. Kí ló kan iwin nínú ìyẹn?

Ká tiẹ̀ fi tàwọn ará Òkè-Igbó sílẹ̀, Amos Tutùọlá ńkọ́, ọmọ ìlú wa níbí, Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1920. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ló kọ́, nígbà ogun Hitler ó bá àwọn ọmọ ogun òfuurufú òyìnbó rọ bàbà, nígbà tógun parí tí kò rówó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ló wá di mẹ́séńjà ní ọ́fíìsì ìjọba kan l'Ékòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe mẹ́séńjà rí, ẹ mọ bó ṣe ń rí, ẹ ó kàn jókòó máa retí kí ọ̀gá pè yín. Ibẹ̀ ló ti ń fi pẹ́ńsù kọ ìtàn sórí bébà, ìwé tó di The Palm-Wine Drinkard nìyẹn, ó sì jáde ní London ní 1952. Àlọ́ tí gbogbo wa gbọ́ nílé náà ló kó síbẹ̀, àmọ́ òun jókòó, ó kọ ọ́, àwa sùn.

Tèmi ńkọ́, ibo ni mo ti ń rí i? Ẹsẹ̀ ni. Mo nílò orúkọ ewé fún bàbá oníṣègùn kan nínú ìtàn, mo gba Ìtòkú lọ, mo bá ìyá kan tó ń ta lẹ́kuléja, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, èló ni ti ọ̀gà yìí, èló ni ti egungun yẹn, mo sì ń kọ ọ́ sínú fóònù. Ìyá wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní "Ṣé kì í ṣe owó lo fẹ́ ṣe, ọmọ yìí?" Mo ní ìwé ni mo ń kọ. Wọ́n ní gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. (Ìpanu tí mo rà lọ́wọ́ ọmọ wọn ló gbà mí.) Ìgbà kan tún wà tí mo lọ lóṣòó sínú ihò abẹ́ Olúmọ, níbi táwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun, kí n lè mọ ibi tó ti ń dun ẹ̀yìn àgbàlagbà tó bá pẹ́ níbẹ̀, àfi báwọn ọmọ ilé ìwé tó wá wo àpáta ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yà mí ní fọ́tò.

Tó bá sì jẹ́ ti ẹ̀rù tó ń bà yín, ọgbọ́n ọwọ́ ni. N kì í jẹ́ kẹ́ ẹ rí iwin yẹn kíákíá. Ewúrẹ́ ilé á kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ẹnì kan á bu omi sínú ife, á padà wá bá ife náà lófìfo, kò sì sẹ́lòmíì nílé. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó máa ya àwòrán ìyókù, tèmi ò lè burú tó tiyín láé.

Lọ́dún kan mo kó ìtàn mẹ́rin jọ, mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní stéṣọ̀n tí wọ́n fi sọrí Ṣóyínká, mo sọ̀ l'Ẹ́bùúté Mẹ́ta, mo gba Ṣómólú lọ tẹ̀ ẹ́. Mo kó ìwé dé, mo tà á, kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹ̀dà bí ogójì ni ò ní ojú ewé 33 dé 48, ibẹ̀ gan-an sì ni iwin ti ń sọ orúkọ ẹ̀. Àǹtí kan láti Ìjẹ̀bú-Òde fi fóìsì ránṣẹ́ sí mi, ohùn wọn ń gbọ̀n, wọ́n ní òun ti mọ̀, àwọn tó ni ọ̀rọ̀ ló yọ ọ́ kúrò, kí n tètè lọ ṣètùtù. Mo ní Àǹtí, ojú ewé 16, 16 ni wọ́n máa ń ká pọ̀ kí wọ́n tó rán ìwé, ọmọ tó ń tò ó gbàgbé láti mú ìkẹta ni. Wọ́n ní hẹn, ta ló jẹ́ kó gbàgbé?