Pípọ̀ jíìnì kò sọ ẹ̀dá di ọ̀gá

Ní àpérò kan tí mo lọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, olùbánisọ̀rọ̀ kan tún kéde pé ohun tó gbé ènìyàn ga ju gbogbo ẹ̀dá yòókù lọ ni pé jíìnì tirẹ̀, ìyẹn àwọn ìlànà àjogúnbá tó ń darí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ló pọ̀ jù, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Kí wọ́n tó ka DNA ènìyàn, ìyẹn èròjà inú sẹ́ẹ̀lì tí jíìnì wà lára rẹ̀, tán, ọ̀pọ̀ onímọ̀ fojú bù ú pé jíìnì wa yóò tó 100,000. Àbọ̀ ìwádìí ọdún 2001 fà á wálẹ̀ sí 30,000 sí 40,000, ti ọdún 2004 sì tún dín in kù sí 20,000 sí 25,000. Lónìí, nǹkan bíi 20,000 ni àwọn tó ń darí ṣíṣe purotéènì, iye tí kò jìnnà rárá sí ti C. elegans, aràn tíńtín tí sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 1,000 lọ. Ti àlìkámà lé ní 100,000, nítorí pé irú koríko mẹ́ta ló pa gbogbo jíìnì wọn pọ̀ sínú rẹ̀. Ṣé àlìkámà wá ni ọba wa? Àwọn tó máa ń sá di bakitéríà, tí wọ́n ń sọ pé jíìnì bakitéríà kéré sí tiwa, kò tíì dáhùn ìbéèrè yẹn.

Èmi náà ti ka jíìnì ewéko kan rí, tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí kọ̀ǹpútà rí nínú DNA nìkan, inú mi sì dùn sí bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Nígbà tí mo gbé RNA, ìyẹn iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì dà kọ láti ara jíìnì, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo rí i pé ohun tí mo kà sí jíìnì mẹ́ta jẹ́ àjákù ẹyọ kan ṣoṣo, àti pé ọ̀pọ̀ mìíràn kò fọhùn, ìyẹn ni pé n kò rí RNA tiwọn, ní gbòǹgbò, ní ewé tàbí ní òdòdó. Lóòótọ́, èyí tó dákẹ́ nínú ewé lè máa sọ̀rọ̀ nínú irúgbìn tí n kò yẹ̀ wò.

RNA yìí kan náà ló fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì lè gé ẹ̀dà jíìnì kan, kí ó sì tò ó pọ̀ ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àwa nìkan la mọ ọgbọ́n náà: jíìnì Dscam1 ti eṣinṣin èso nìkan lè mú irú purotéènì 38,016 jáde.