Oko kajú ṣì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n a jọ wo fíìmù

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀kun o.

Látìgbà tí ọdún ti parí ni mo ti ń rí i lórí Facebook tí àwọn èèyàn ń sọ pé ẹbí tó ní ẹjọ́ nílẹ̀, tó wá lọ jókòó ti fíìmù nígbà Kérésìmesì, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sá fún. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa.

Láti oṣù kẹta 2023 ni Bọ̀dá mi àti Àǹtí mi ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Oko kajú tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀, nílẹ̀ Ọ̀kun ní ìpínlẹ̀ Kogi, ló fà á. Bọ̀dá ta ìkórè ọdún mẹ́ta fún oníkajú kan lẹ́ẹ̀kan náà, ó fi owó rẹ̀ pààrọ̀ páànù ilé Màámi. Lóòótọ́, òjò ti ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Àmọ́ kò pe ẹnì kankan kó tó tà á, ẹnu ẹni tó rà á ni Àǹtí ti gbọ́. Ẹni tó bá mọ Àǹtí á mọ̀ pé kì í ṣe owó ló ń dùn wọ́n.

Èmi làbíkẹ́yìn. Tí irú ẹjọ́ báyìí bá délé, omi làbíkẹ́yìn ń gbé fún àlejò.

Àwọn tó ní ká sọ̀rọ̀, a kúkú sọ ọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù December, àbúrò bàbá wa pe ìpàdé. Àdúrà la fi bẹ̀rẹ̀. Kò pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a ti padà sórí owó ilé ìwé tí ẹnì kan san àti èyí tí ẹnì kan ò san ní 1998. Àǹtí bú sẹ́kún, Bọ̀dá bọ́ síta, iyán tutù sórí tábìlì. Nílé Ọ̀kun! Kí iyán tutù láìṣe pé òkú kú!

Nígbà tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ ta bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun mọ́ ògiri, mo yá ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń fi ṣiṣẹ́ níbi ìgbéyàwó. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ lórí epo lóṣù karùn-ún 2023, lítà epo kan ti lé ní ẹgbẹ̀ta náírà nígbà yẹn, ọkàn mi ò sì balẹ̀ lórí jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, kẹ́ẹ̀gì méjì ló wọlé. Bọ̀dá rán ọmọ wọn, Àǹtí náà rán ọmọ tiwọn, kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnì kejì. Mi ò sọ nǹkan kan, mo bu epo sí jẹnẹrétọ̀.

Àìsàn kan wà tó ń ṣe Bọ̀dá: kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù ni wọ́n á ti sọ ọ́. "Ẹ wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí, òun ló máa dà á." Àwọn ọmọ pariwo títí, wọn ò gbọ́. Ní alẹ́ kejì, Àǹtí kọjú sí ògiri, wọ́n ní, "Ẹni tó mọ̀ ọ́n tó báyìí, kó lọ ṣe tiẹ̀." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, Bọ̀dá náà rẹ́rìn-ín. Ṣé ìyẹn ni ìparí ìjà? Rárá o. Ṣùgbọ́n níbi ìpàdé, ojú ni kálukú fi ń wo ojú ẹnì kejì bí ẹni ń wá àbùkù. Níwájú fíìmù, ibì kan náà ni gbogbo wa kọjú sí.

Ọjọ́ 28 la lọ sí ilé sinimá ní Ìlọrin. Ọkọ̀ Bọ̀dá nìkan ló wà. Àǹtí láwọn á wọ ọkọ̀ èrò, àwọn ọmọ fa aṣọ wọn mọ́lẹ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sẹ́yìn, wọn ò fọhùn títí a fi dé Ìlọrin. A Tribe Called Judah ti Funke Akindele ni a wò, èyí tó wá di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa bílíọ̀nù kan náírà nínú ilé sinimá. Màámi ò tíì wo sinimá látìgbà tí wọ́n ti gbé fíìmù Aiyé ti Ogunde wá sí gbọ̀ngàn ìlú láyé àtijọ́, wọ́n sì rò pé a ṣì lè máa bá àwọn òṣèré sọ̀rọ̀. Ìyá kan ló wà nínú fíìmù náà, ó bí ọmọkùnrin márùn-ún fún bàbá márùn-ún. Nígbà tí àwọn márààrún panu pọ̀ nítorí àìsàn ìyá wọn, Màámi gbóhùn sókè nínú òkùnkùn:

"Ẹ̀yin yìí, bàbá kan ṣoṣo ni tiyín o!"

Àwọn tó wà níwájú wa yíjú padà. Mo gba gúgúrú lọ́wọ́ ọmọ Bọ̀dá, mo kì í bọ ẹnu.

A tètè gbọ̀nà ilé, torí ọ̀nà wa kì í ṣe èyí tí èèyàn ń rìn lálẹ́ mọ́. A ti kọjá Àjàṣẹ́ Ìpo nígbà tí Àǹtí sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn: "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Màámi fẹ́ tọ̀."

Oṣù mẹ́sàn-án gbáko! Bọ̀dá dúró. Àwọn méjèèjì ló sọ̀ kalẹ̀ láti di Màámi lọ́wọ́ mú.

Ẹ má bi mí nípa oko, a ò tíì yanjú rẹ̀. Oṣù kejì ni kajú máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́, ariwo á sì tún sọ. Èmi ti ń wá fíìmù tí a máa wò lọ́dún Àjíǹde. Ẹ bá mi dárúkọ èyí tó dáa, kó má ti ní ọ̀rọ̀ ogún nínú.