Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fáwẹ̀lì sílẹ̀ fún wa

Ẹ ka gbólóhùn yìí fún mi: "M t r k."

Ẹnì kan á ní, "Mo ti ra ọkọ̀." Ẹ kú oríire, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ fi rìnrìn àjò ayọ̀. Ẹlòmíràn á ní, "Mo ti rí ọkọ." Ìyẹn gan-an ni màmá rẹ̀ ti ń gbàdúrà sí. Àgbẹ̀ á ní, "Mo ti ro oko," ẹ gbé oúnjẹ wá. Lẹ́tà mẹ́rin kan náà, ìròyìn mẹ́ta tí kò bára tan. Ẹ wá wo ti Gẹ̀ẹ́sì: "fnd a hsbnd." Ta ni kò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ ni?

Èrò tèmi rèé: àṣà yíyọ fáwẹ̀lì kúrò nínú ọ̀rọ̀ lè bá èdè mìíràn lára mu, kò bá Yorùbá mu rárá, ó sì yẹ ká ṣíwọ́ rẹ̀.

Mi ò sọ pé àṣà burúkú ni níbi gbogbo o. Lárúbáwá àti Hébérù ti ń kọ̀wé bẹ́ẹ̀ láti ayébáyé. Ẹ ṣí ìwé ìròyìn Lárúbáwá, ẹ ò ní rí fáwẹ̀lì kúkúrú níbẹ̀, ẹni tó ń kà á ló máa fẹnu fi wọ́n sí i. Ìdí tó fi ṣeé ṣe ni pé ara kọ́ńsónáǹtì ni ìtumọ̀ wọn rọ̀ mọ́. Níbi tí ẹ bá ti rí k, t àti b tẹ̀ léra, ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ ni: kataba ni pé ó kọ̀wé, kitāb ni ìwé, kātib ni akọ̀wé. Síbẹ̀, ẹ wo Kùránì tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ nílé kéú. Àmì fáwẹ̀lì kún orí àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi àbá kà.

Tiwa yàtọ̀. Tí Yorùbá bá fẹ́ gé ọ̀rọ̀ kúrú, kọ́ńsónáǹtì ló ń dà nù! Dáradára di dáadáa. Òtítọ́ di òótọ́. Egúngún di eégún, òrìṣà di òòṣà, koríko di koóko. Orúkọ Yorùbá fúnra rẹ̀, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà: Yoòbá. Lóòótọ́, fáwẹ̀lì máa ń jẹ ara wọn bí ọ̀rọ̀ méjì bá pàdé, bí "ṣe iṣẹ́" ṣe di "ṣiṣẹ́", ṣùgbọ́n ọ̀kan á ṣẹ́ kù dandan. (Ẹni tó bá fẹ́ já mi ní koro á ní "ń" inú "ó ń bọ̀" kò ní fáwẹ̀lì. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ wo orí rẹ̀, ó gbé ohùn. Iṣẹ́ fáwẹ̀lì ló ń ṣe.)

Àwọn bàbá wa kò tiẹ̀ lè fara da ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kọ́ńsónáǹtì fún pọ̀ nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó gbà á wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ ki fáwẹ̀lì bọ àárín rẹ̀: búrẹ́dì, gíláàsì, bíríkì. Ọmọ ọmọ wọn ló wá ń kọ "Ekr ma" sí màmá àgbà.

Mo mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní 2001, owó gidi ni àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń jẹ, lẹ́tà 160 péré ló sì ń gbà. Ìyà Yorùbá tún pọ̀ sí i, torí kí "ẹ" tàbí "ṣ" kan ṣoṣo bọ́ sínú rẹ̀, 160 á já sí 70. Nígbà yẹn, ẹni tó ń fún ọ̀rọ̀ pọ̀ ń ṣọ́ owó ni. Lórí WhatsApp ńkọ́? Ta ló ń ka lẹ́tà níbẹ̀?

Àwọn òyìnbó pàápàá ń padà lẹ́yìn rẹ̀. Twttr ni wọ́n kọ́kọ́ pe Twitter ní 2006, kò pẹ́ tí wọ́n fi fáwẹ̀lì sí i. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ ìdókòwò Standard Life Aberdeen ní Scotland sọ ara rẹ̀ di abrdn, wọ́n ní Aberdeen náà ni ká máa pè é. Àwọn èèyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Ní 2025, wọ́n rọra kó "e" wọn padà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni "HBD, LLNP", ìyẹn "Happy birthday, long life and prosperity" tí wọ́n gé kúrú fún ẹni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí. Àwa tá a ní "igba ọdún, ọdún kan ni", tá a ní "ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé"! Èèyàn á pé àádọ́rin ọdún, ẹ á ju lẹ́tà méje sí i. Ta ló fẹ́ ṣe àmín sí ìyẹn?

Ẹ má sọ pé mo le jù. Mi ò béèrè àmì ohùn, mo mọ̀ pé wàhálà ni lórí fóònù ẹlòmíràn, òǹkàwé á sì fi ọgbọ́n gbé e. Ṣùgbọ́n orí fáwẹ̀lì ni ohùn ń jókòó sí. Tí ẹ bá gbé àga kúrò, ibo ni kó jókòó?

Ẹni tó bá fẹ́ bú mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, àyè wà nísàlẹ̀. Kó ṣáà fi fáwẹ̀lì sí èébú náà, kí n lè mọ èyí tó bú.